Ibi Tí Ẹja Ń Yé Sí

Ẹni tí ó mọ ẹja nínú ọbẹ̀ kò lóǹkà láàárín wa, ẹni tí ó sì mọ̀ ọ́n nínú àwọ̀n kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè dúró létí odò ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí ó wo ìsàlẹ̀ omi tí kò jin ju orúnkún lọ, kí ó sì na ọwọ́ sí ojú kan pé, “Ó jọ pé ibí yìí ni ẹja ń yé sí,” irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń di ọ̀wọ́n gógó ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti ìsàlẹ̀ Olúmọ títí dé Ìtòrí, àti láti Wasinmi títí dé Pápáláǹtò. Nítorí ìmọ̀ yìí ni mo ṣe gbé kálàmù lónìí. A kì í ti ipa rẹ̀ di olówó, a kì í sì í fi oyè dá ènìyàn lọ́lá nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbà tọkàntọkàn pé bí ó bá parẹ́ láàárín wa, ẹja pàápàá yóò parẹ́ tẹ̀ lé e, nítorí pé ohun tí ojú kò bá dá mọ̀, ẹsẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ náà a sì máa bá tirẹ̀ lọ láìmọ̀ pé òun ti ṣe ibi.

Odò Ògùn ni mo ní lọ́kàn, odò Yemọja, Yèyé ọmọ ẹja. Odò tí ó ti apá Ṣakí lókè Ọ̀yọ́ ṣàn wá, tí ó gba omi Ọyán mọ́ra kí ó tó dé Abẹ́òkúta, tí ó la àárín àwọn òkúta ìlú ọmọ Lísàbí kọjá, tí ó fi ilẹ̀ Ewékorò sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Ìṣẹrì títí ó fi wọ inú ọ̀sà Èkó. Ní ìgbà òjò, kò sí ẹni tí ó lè rí inú odò yìí, nítorí pé ẹrẹ̀ tí omi ń wọ́ bọ̀ láti òkè a máa sọ ọ́ di pupa, a sì máa gorí bèbè wọ inú oko olóko. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, omi a fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ a rọlẹ̀, etí odò a sì ṣí ara rẹ̀ payá; nígbà tí ọyẹ́ bá sì wá fẹ́ láti ìhà àríwá, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, omi etí odò náà a mọ́ kedere, a sì tutù ní òwúrọ̀ débi pé ọmọdé tí a rán lọ pọnmi a máa fi ìka ẹsẹ̀ dán an wò kí ó tó wọ inú rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ojú ènìyàn lè rí gbogbo ohun tí ẹja ti ṣe sí ìsàlẹ̀ omi láti ìgbà tí òjò ti dá.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nínú rẹ̀. Apẹja ni, ọmọ apẹja sì ni. Ó mọ àwọ̀n híhun, ó mọ ìgèrè dídẹ, ó mọ ọkọ̀ wíwà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ fi yé àwa ọmọdé tí a ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni ibi tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibi tí omi kò jin, yóò na àjẹ̀ rẹ̀ sí iwájú wa, yóò sì wí pé, “Ẹ dúró níbẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí omi farabalẹ̀.” A ó dúró. Òjìji wa yóò ti bọ́ sórí omi, ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ yóò sì ti sá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí a kò bá mira, àwọn tí ó ní ìdí láti padà yóò padà. “Ẹja tí ó sá tí kò padà, oúnjẹ ni ó wá jẹ,” bẹ́ẹ̀ ni bàbá máa ń wí, “ṣùgbọ́n èyí tí ó sá, tí ó tún padà sí ojú kan náà, ó ní ohun tí ó ń ṣọ́ níbẹ̀.” Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà wá, n kò sì tí ì rí ẹ̀kọ́ kan tí ó wúlò ju èyí lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtẹ́ ẹja.

Ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ lọ́dọ̀ wa ni epìyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ọjà fi ń pe ẹja tí ìwà wọn kò dọ́gba. Irú kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Coptodon zillii: akọ àti abo ni wọ́n jọ ń fi ẹnu kó iyanrìn kúrò lójú kan títí yóò fi di kòtò, abo yóò lẹ ẹyin rẹ̀, tí iye rẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún lọ, mọ́ òkúta tàbí mọ́ ilẹ̀ líle tí wọ́n ti gbá mọ́, àwọn méjèèjì yóò sì dúró tì í, wọn yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i kí ẹyin lè rí èémí, títí yóò fi pa, láàárín ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta bí omi bá móoru dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹnu kó àwọn ọmọ tí kò tí ì lè lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n. Irú mìíràn ni Oreochromis niloticus, epìyà odò Náílì, èyí tí àwọn olùsìn ẹja fẹ́ràn jù: akọ nìkan ni ó ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀, àwọn akọ mìíràn a sì máa gbẹ́ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ojú kan yóò fi kún fún kòtò, abo tí ó bá wá yé síbẹ̀ kì í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹnu ni ó ń kó wọn sí, inú ẹnu náà ni ó sì ti ń sàba, oúnjẹ tí ó ń jẹ nígbà náà kò tó nǹkan, títí àwọn ọmọ yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Ní ti àrọ̀, òun kì í gbẹ́ ìtẹ́ rárá. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí omi sì gorí koríko etí odò, òru ni ó ń wọ inú koríko náà lọ yé. Ẹyin rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ewé àti gbòǹgbò, kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ kí ó tó pa. Nítorí náà, ẹni tí ń wá kòtò àrọ̀ nínú iyanrìn yóò wá a títí. Koríko tí omi ń bò ni kí ó bojú wò.

Báwo ni a wá ṣe ń dá ìtẹ́ epìyà mọ̀? Àkọ́kọ́ ni ìrísí. Ìtẹ́ tòótọ́ a máa yípo, bí ẹni pé a fi ìdí ìkòkò tẹ iyanrìn tútù, etí rẹ̀ a sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ, nítorí pé ohun tí ẹja kó jáde láti àárín, etí ni ó dà á sí. Ti ẹja kékeré lè má fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ti akọ ńlá sì lè súnmọ́ mítà kan. Èkejì ni àwọ̀. Inú ìtẹ́ tí ẹja ń lò a máa mọ́, a sì máa funfun ju àyíká rẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹrẹ̀ tàbí ewé jíjẹrà tí ó lè ráyè jókòó níbi tí lẹbẹ ń gbá lójoojúmọ́. Bí inú kòtò bá ti ń dúdú, tí ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ti ń bò ó, onílé ti ṣí lọ. Ẹ̀kẹta ni ipò. Epìyà kì í kọ́lé sí ojú ìṣàn tí ń sáré. Ibi tí omi ti rọra yípadà, níbi tí bèbè ti kọdọ̀rọ̀ sínú, lẹ́bàá koríko tàbí lẹ́yìn àpáta, láti ìwọ̀n kókósẹ̀ títí dé ìwọ̀n ìbàdí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti lè wọ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń yàn. Ẹ̀kẹrin ni ẹgbẹ́: bí a bá rí kòtò kan, kí á wò bóyá òmíràn wà nítòsí, nítorí pé ibi tí ó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn sábà ń tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀karùn-ún, tí ó borí gbogbo wọn, ni ẹja fúnra rẹ̀, èyí tí ó sá tí ó sì padà.

Ojú tí kò tí ì mọ̀ ọ́n lè ṣìnà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀ etí odò. Ẹsẹ̀ màlúù tí wọ́n kó wá mumi a máa dá kòtò, ṣùgbọ́n kòtò ẹsẹ̀ màlúù a jin ju bí ó ti fẹ̀ lọ, a là sí méjì níwájú, ọ̀kan a sì máa tẹ̀ lé èkejì títí wọ orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìṣàn omi a máa gbẹ́ ìdí òkúta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá farabalẹ̀ yóò rí òkúta náà lórí kòtò, yóò sì rí i pé iyanrìn tí ó jáde fà gùn sí ìsàlẹ̀ odò. Ṣọ́bìrì àti garawa àwọn tí ń kó iyanrìn a máa fi kòtò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ a dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì a sì dúró ṣánṣán. Ihò akàn ní tirẹ̀, inú bèbè ni ó ń forí lé. Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò yìí, ohun kan yóò ṣẹ́kù tí ó yípo, tí kò sí ẹja lórí rẹ̀, tí inú rẹ̀ kò mọ́ tán tí kò sì dọ̀tí tán, tí ènìyàn kò lè búra pé ìtẹ́ ni, tí kò sì lè búra pé kì í ṣe ìtẹ́.

Nínú omi tútù ìgbà ọyẹ́, irú èyí ni ó pọ̀ jù, ó sì ní ìdí. Ẹja ilẹ̀ gbígbóná ni epìyà. Bí omi bá ti ń tutù lọ sí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í fẹ́ yé mọ́. Omi odò wa kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa fa ọwọ́ ẹja sẹ́yìn. Ẹja a kúrò létí odò, a wọ ibú lọ, a fi kòtò rẹ̀ sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú etí omi gbóná, tàbí títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Ìgbà tí ó ń yé jù lọ ni ìgbà tí òjò bá ń padà bọ̀, tí omi ń gbòòrò, tí oúnjẹ ọmọ ẹja ń pọ̀ sí i. Ìgbà náà gẹ́lẹ́ sì ni ẹrẹ̀ ń bo odò tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Èyí ni òye tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìgbà tí ojú wa ríran kì í ṣe ìgbà tí ẹja nílò àbò wa jù, ìgbà tí ẹja sì nílò rẹ̀ jù, ojú wa kò ríran mọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń wo odò ní ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n lè rántí rẹ̀ ní ìgbà òjò. Kòtò òfìfo tí wọ́n rí lónìí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí a kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sí lọ́la. Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀ràn náà gbà. Ní àwọn odò Skọ́tlándì, òtútù ni ó ń pe ẹja sámọ́nì wá yé. Láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ títí tí yìnyín yóò fi bọ́, sámọ́nì a ti inú òkun gòkè wá sínú odò tí a bí i sí, abo rẹ̀ a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì máa fi ìrù lu òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi títí yóò fi di kòtò; yóò yé sínú rẹ̀, akọ yóò da àtọ̀ sí i, abo yóò sì tún lu òkúta tí ó wà lókè láti fi bò wọ́n, ẹyin náà yóò sì wà nísàlẹ̀ òkúta ní gbogbo ìgbà òtútù, títí di ìgbà tí oòrùn bá padà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè dúró lórí bèbè kí ó rí i: ojú kan tí òkúta rẹ̀ mọ́ láàárín àwọn tí ewédò ti bò, kòtò lókè, òkìtì gígùn ní ìsàlẹ̀ ìṣàn. Àwọn tí ń tọ́jú odò níbẹ̀ a máa rìn létí omi kí wọ́n ka irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa kìlọ̀ fún àwọn apẹja kí ẹsẹ̀ wọn má kan ibẹ̀ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ìyàtọ̀ sámọ́nì àti epìyà pọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó de ẹyin àwọn méjèèjì: ẹyin ní láti mí, omi tí ó mọ́ ni ó sì ń gbé èémí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, ó kú síbẹ̀; bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rí i pé ọ̀ràn yìí tó ohun tí ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ lé. Ní 1900, John Samuel Budgett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú àbàtà odò Gambia, níbi tí ó ti rí ìtẹ́ tí ẹja Gymnarchus niloticus fi koríko kọ́ tí ó léfòó lójú omi, àti èyí tí Heterotis niloticus kọ́ yípo sínú omi tí kò jin. Ohun tí ó wá gan-an, ẹyin ẹja Polypterus, kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ odò Ọya ní ilẹ̀ wa yìí ní 1903. Ibà sì pa á ní oṣù kìíní ọdún 1904, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31. Ní ti odò Ògùn tiwa, D. H. J. Sydenham tẹ ìwé jáde ní 1977 lórí irú ẹja tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ti pín ara wọn láti òkè odò dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a sì dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, ẹ̀kọ́ nípa ẹja di ohun tí ọmọ wa lè kọ́ láìkúrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bí àwọn ará òkèèrè bá ka ìtẹ́ ẹja wa sí ohun tí ó tó láti kú lé lórí, ó yẹ kí àwa onílé kà á sí ohun tí ó tó láti yà fún.

Ewékorò ní ìdí kan tí ó fi yẹ kí ó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Òkúta ẹfun tí a ń wà nílẹ̀ wa, ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti jẹ́ rí. Ní 1977 kan náà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí òkúta Ewékorò àti àwọn ẹ̀dá inú omi tí ó di òkúta sínú rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun tí kò jin ni ó bo ibi tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lónìí, ìkarahun, akàn àti àwọn ẹ̀dá òkun mìíràn sì ń gbé inú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1960 ni a ti ń sun òkúta yìí di sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ó sì ti kọ́ ilé, ó ti tẹ́ afárá, ó ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní iṣẹ́ jẹ. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í dá ilé kọ́. Iyanrìn ni ó ń bèèrè, iyanrìn tí ó mọ́, tí kò ní ẹrẹ̀ nínú. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ sì ni epìyà ń wá fún ìtẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ omi àtijọ́ tí a wà jáde ṣe ń rán típà wá kó ìsàlẹ̀ omi òní.

Ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn láti inú odò kì í wo ojú kòtò kí ó tó gbé e. Ohun tí kò bá gbé, a fi ẹrẹ̀ tí ó rú sókè bò ó mọ́lẹ̀. Bí iyanrìn bá sì ti lọ, bèbè a ya lulẹ̀, ibi tí omi kò jin a di ibú, ẹja tí ń wá ìwọ̀n orúnkún láti yé sí a sì máa rìn kiri láìrí ibi tẹ̀dó. Ewu kejì ni májèlé. Àwọn kan ń da Gammalin 20, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò orí igi kòkó, sínú odò kí ẹja lè léfòó kí wọ́n kó o. Ẹja ńlá ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ẹyin àti ọmọ ẹja ni ó kọ́kọ́ ń kú, àwọn tí ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò sì ń mu ohun tí ó kù. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ewu kẹta ni àwọ̀n tí ojú rẹ̀ dí tí ó fi ń kó ọmọ ìka. Òfin ẹja inú odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 kọ májèlé, ó sì kọ àdó olóró. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn létí odò, ènìyàn ni ó ní í.

Ewu kẹrin wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí ewu. Láti 1983 tí Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ti ṣí ìsédò Ọyán, omi tí ń wá sọ́dọ̀ wa kò gba àṣẹ lọ́wọ́ òjò nìkan mọ́. Ìsédò náà ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó ní omi, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sé e, etí odò lè gbẹ kí ẹyin tí ó wà níbẹ̀ yan gbẹ, nígbà tí a bá sì tú u lójijì, omi lè gbá kòtò, ẹyin àti ọmọ lọ papọ̀. Àwọn tí ń ṣàkóso ìsédò ń kéde títú omi fún àwọn ènìyàn tí ilé wọn wà lọ́nà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ro ti ilé ẹja pẹ̀lú, kí títú omi àti sísé e máa jẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó bá ti ṣe é ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Mo wá padà sí kòtò tí kò dá ni lójú, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn yìí dúró lé. Ìtẹ́ tí ẹja wà lórí rẹ̀ kò nílò agbẹjọ́rò. Ọ̀dájú nìkan ni yóò rí i kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó jọ ìtẹ́ ni a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwáwí pé kò dá wa lójú. Bàbá apẹja tí mo sọ nípa rẹ̀ kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá bi í pé, “Bàbá, bí kì í bá wá ṣe ìtẹ́ ńkọ́?” yóò dáhùn pé, “Bí kò bá ṣe ìtẹ́, kí ni o pàdánù? Ìṣísẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ṣe ìtẹ́ ńkọ́?” Kò tún ní fi ohunkóhun kún un, a ó sì yà. Mo ti gbé ìdáhùn yìí wò nínú ọkàn mi ní ọ̀nà púpọ̀, n kò sì rí ibi tí ó ti ṣẹ́. Ẹni tí ó yà fún kòtò òfìfo ti san owó tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó tẹ ìtẹ́ tòótọ́ ti pa ẹgbẹ̀rún ẹja tí yóò wá nígbà tí ó bá ń wá ẹyọ kan. Ẹyin ní í di àkùkọ, ẹyin náà ni ó sì ń di epìyà tí a ń dín, tí a ń yan, tí a fi ń gba àlejò.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì mọ ibi tí ẹja ń yé sí lẹ́bàá oko yín, ẹ má gbé ìmọ̀ náà lọ sí ọ̀run. Ní ìgbà ọyẹ́ tí ń bọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ dé etí odò, kí ẹ fi hàn wọ́n, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé gíga tí ẹ ń kọ́ nípa ẹja ní Abẹ́òkúta, ẹ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan àti ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba yóò máa wò kí ó tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ àtikó iyanrìn. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja láti Wasinmi dé ìsàlẹ̀ odò, ẹ yan àwọn ojú omi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní ju àwọ̀n sí, tí típà kò sì ní sún mọ́, láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ títí omi yóò fi lọ sílẹ̀. Ẹ kò nílò owó láti ṣe é, ìfohùnṣọ̀kan ni ó gbà. Ìwọ tí ó sì ń ka ìwé yìí, tí ó lè jẹ́ pé o kò ní ju ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí ó gba etí omi kọjá lọ, nígbà tí o bá rí kòtò kan tí ó yípo nínú omi tí kò jin, tí o kò sì mọ̀ bóyá ìtẹ́ ni tàbí kì í ṣe ìtẹ́, gbà pé ìtẹ́ ni, kí o sì yà fún un.